Mo Kúnlẹ̀ fún Dókítà Inú Fóònù

Múyìwá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé òtútù ibẹ̀ kò yọ yín lẹ́nu jù? Ní Fola Agoro níbí, àlàáfíà la wà. Kòrónà ti lé gbogbo ayé wọlé, ṣùgbọ́n àbúrò rẹ, Ṣọlápé, ń rán ìbòmú tà, ọjà sì ń yá.

Orúnkún mi ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Dókítà Ọláwuyì ní kí n má wá sí ọsibítù nítorí àrùn yìí, orí fóònù la ó ti máa ríra. Inú bí mi. Dókítà tí kò fọwọ́ kàn mí, kí ló fẹ́ mọ̀? Ó ní kí n jókòó, kí n máa na ẹsẹ̀ náà nígbà mẹ́wàá, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mò ń ráhùn, mo sì ń ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko.

Nígbà tó pè lánàá, mo fẹ́ dúpẹ́. Mo gbàgbé pé mo lè bí i, mo kúnlẹ̀. Ògiri nìkan ló wá ń rí. Ló bá figbe ta: "Màmá dà? Ṣé wọ́n ṣubú ni?" Ẹ̀rín ò jẹ́ kí Ṣọlápé tó di fóònù mú lè fèsì. Mo dìde.

Dókítà bi mí pé: "Ta ló fà yín dìde, Mà?"

Mo wo ọwọ́ mi. N kò di nǹkan kan mú.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jókòó gbàdúrà fún ọ. Láàárọ̀ òní, orí ìkúnlẹ̀ ni. Bá mi fi fọ́tò àwọn ọmọ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìtilẹ̀ tí o rà fún mi, má fi ránṣẹ́ mọ́. Tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ọ̀pá náà á sì wúlò fún ọ.

Èmi ìyá rẹ,
Tabitha