Ẹ̀wù Ìléfòó Tí Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀rífù Bá Mi Tún Ṣe

                                                  Ẹ̀yìn ilé epo, Kotto,
                                                  Douala,
                                                  Kamẹrúùnù.
                                                  Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kejì, 2025.

Sódìq, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà kékeré,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ooru. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Juwairiyyah ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti ń gbà wọ́n láyè láti rìn dé mọ́sáláṣí? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn kò tíì fi bọ́ọ̀lù fọ́ gbogbo fèrèsé ilé yín tán? Tiwa náà kò burú. Àbẹ̀ní ń kí ọ. Àwọn ọmọ ń lọ sílé-ìwé, wọ́n ń fi Faransé dá wa lóhùn bí a bá fi Yorùbá pè wọ́n. Ara mi le. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn, kí o lè mọ̀ pé ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà yìí kò ṣàìsàn. Inú ni ó ń bí i.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. O ní o ti ra pátákó ojú omi, èyí tí a ń fọn afẹ́fẹ́ sí, tí a ń dúró lé lórí fi àjẹ̀ wà, àti pé o fẹ́ máa fi í pẹja lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Inú mi dùn. Ó wá ku ẹrù tí o fẹ́ kó lé e lórí: kúlà ńlá, agbòòrùn, rédíò, ẹ̀rọ tí yóò máa fi ẹja hàn ọ́ lábẹ́ omi, iná tí yóò máa tàn yí pátákó ká. Sódìq, ṣé ẹja lo fẹ́ lọ pa ni, àbí o fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù? Mo ń retí kí o dárúkọ ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sómi, n kò gbọ́ ọ. Mo gbọ́ tí Juwairiyyah ń béèrè rẹ̀ lẹ́yìn rẹ, o sì rẹ́rìn-ín, o ní ìyẹn kò le, pé bí ó bá tóbi jù, télọ̀ yóò bá ọ dín in kù. Ọ̀rọ̀ télọ̀ yẹn ni ó jẹ́ kí n mú bírò. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fèsì lórí fóònù, ṣùgbọ́n ìbínú mi kò gba inú fóònù, ni mo ṣe fi lẹ́tà rán ẹni tí ó ń bọ̀ nílé.

Ọkùnrin tí ó ta pátákó tèmi fún mi ní àdúgbò Akwa níhìn-ín náà fẹ́ẹ̀ kó irú ẹrù yẹn lé mi lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ fẹ́ ta ohun tí a ń gbé ife kọfí lé fún mi. Kọfí, lórí odò! Nígbà tí mo béèrè okùn tí ó ń so ènìyàn mọ́ pátákó, ó ní àwọn ọmọdé ni wọ́n ń lo ìyẹn. Ọpẹ́lọpẹ́ Aurélien, aládùúgbò mi tí ó ń wa takisí, tí àwa méjèèjì jọ máa ń lọ pẹja lódò Dibamba ní ìsàlẹ̀ Japoma. Òun ni ó fà mí lọ́wọ́ jáde níbẹ̀, tí ó ní, «Grand, buy rope before you buy cup.»

Nítorí náà, gbọ́ èyí tí ó wúlò. Pátákó tí ó fẹ̀, kí ó má máa mì bí o bá ti dìde. Àjẹ̀ tí kò wúwo. Okùn tí a dè mọ́ ìbàdí, kì í ṣe mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, nítorí bí okùn ẹsẹ̀ bá lọ há sí gbòǹgbò igi létí omi, ọwọ́ rẹ kò ní tó o; ti ìbàdí ni o lè fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì já sílẹ̀. Ìdákọ̀ró kékeré, kí omi má máa gbé ọ lọ nígbà tí ẹja ń jẹ. Kéréètì mínírà tí ó ṣófo, tí o so mọ́ ẹ̀yìn, ni o máa ki ọ̀pá ìwọ̀ méjì àti ẹ̀mú bọ̀. Má fi ọwọ́ lásán yọ ìwọ̀ lẹ́nu obókun, ẹ̀gún rẹ̀ kò mọ ẹni tí ó kàwé. Fi fèrè kọ́ ọrùn. Di fóònù sínú àpò tí omi kò lè wọ̀. Ó tán, kúlà rẹ lè dúró sílé. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù ìléfòó ni ó ṣáájú gbogbo wọn, òun náà ni ó sì fa ìbínú mi.

O kò mọ Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀rífù. Télọ̀ ni wọ́n ní Marché Dakar, ọjà kan níhìn-ín ní Douala, ọmọ Ìwó ni wọ́n, wọ́n ti wà nílùú yìí tipẹ́ kí n tó dé. Iṣẹ́ wọn mọ́, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Síìpù ẹ̀wù ìléfòó mi ni ó kọṣẹ́. Síìpù, Sódìq! Mo gbé e lọ bá wọn, mo ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ síìpù. N kò bẹ̀ wọ́n ní ohun mìíràn.

Nígbà tí mo padà lọ gbà á, ẹ̀rín ni wọ́n fi pàdé mi. Wọ́n ní ojú ti àwọn nígbà tí àwọn wo ẹ̀wù náà, pé báwo ni ọmọ Yorùbá tí ó ní télọ̀ yóò ṣe wọ ohun tí ó rí bí àpò gààrí jáde lójú àwọn onílùú, nítorí náà àwọn ti bá mi tún un ṣe díẹ̀. Wọ́n ti dín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kù, wọ́n sì ti fi òwú aláwọ̀ wúrà ṣe iṣẹ́ sí i lọ́rùn bí ti agbádá. Ó bá mi mu gẹ́gẹ́. Wọ́n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, mo sì dúpẹ́. Ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀, wọn kò sọ ọ́, ọwọ́ mi kò sì lè mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n ti fi páàdì èjìká àti aṣọ líle kún un padà. Nígbà tí Àbẹ̀ní rí i, ẹnu rẹ̀ kò padé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé tirẹ̀ náà lọ, ó ní kí wọ́n ṣe é kí ó mú ìbàdí òun jáde. Àbẹ̀ní tí kò lúwẹ̀ẹ́ rí láyé rẹ̀! Ó ti mú un pé Sátidé tí ó ń bọ̀ yìí ni òun yóò bá wa dé odò.

Ọjọ́ Àìkú tí ó ṣáájú ti àná, èmi àti Aurélien wà lórí Dibamba. Omi ti ń fà padà sí òkun, odò ń sáré. Obókun ńlá kan gbé ìwọ̀ mi, mo yí ara padà kí n fà á, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo já sómi. Mo ti já rí, ẹ̀wù a sì gbé mi jáde kíá. Lọ́jọ́ yìí, ẹ̀wù mi ń mumi. Gbogbo páàdì èjìká wọ̀nyẹn mu omi yó, wọ́n sì ń fà mí lọ sísàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n wẹ̀ díẹ̀, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó lè wẹ̀ pẹ̀lú agbádá tútù lára? Ẹ̀rù bà mí, Sódìq. Mo rí i pé ikú ni. Okùn ìbàdí ni ó yọ mí. Mo ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ mi fi kan pátákó, Aurélien sì wà dé, ó di ọrùn ẹ̀wù náà mú, iṣẹ́ ọrùn já mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí a dé èbúté, ó ki ọwọ́ bọ ibi tí ó já náà. Aṣọ ni ó ń fà jáde. Kò sí fóòmù kankan tí í gbé ènìyàn léfòó. Ó wò mí, ó ní, «Na who do you this kind thing?»

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gba ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀rífù lọ. Mo pariwo, n kò sẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀wù Àbẹ̀ní fún mi lójú ẹsẹ̀. Wọ́n bínú ju èmi tí mo fẹ́ẹ̀ kú lọ. Wọ́n ní mo jágbe mọ́ àwọn lójú oníbàárà. Pé ẹ̀wù náà kò ní kúrò ní ṣọ́ọ̀bù àwọn títí àwọn yóò fi ṣe é tán bí ó ti yẹ, Àbẹ̀ní tí ó mọ oore ni àwọn yóò sì fi lé lọ́wọ́. Mo délé, mo ròyìn fún Àbẹ̀ní. Ṣé o mọ ohun tí aya mi sọ? Ó ní mo yájú sí àgbà, àti pé bóyá ara mi ni ó wúwo sí i látìgbà ọdún.

Ó wá di àná, Bàbá Oyèkọ́lá, olórí àwa Yorùbá àdúgbò yìí, ránṣẹ́ pè mí. Èmi àti Àbẹ̀ní lọ, Aurélien sì tẹ̀ lé wa pé òun ni ẹlẹ́rìí. Bàbá jókòó sórí àga wọn nínú àgbàlá, Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀rífù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n fajú ro. Mo rojọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ni Bàbá sọ? Wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Wọ́n ní ẹni tí ó bá ṣubú sódò, kí ó lọ kọ́ bí a ṣe ń dúró. Wọ́n ní kí n bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí mo mumi! Ṣùgbọ́n ilé ni a ti kọ́ mi, ẹ̀wù Àbẹ̀ní sì wà lọ́wọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà mi kanlẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kò dọ̀bálẹ̀.

O mọ̀ pé a kì í dìde bí àgbà kò bá tíì ní kí a dìde. Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀rífù kò ní kí n dìde. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa irú òwú tí wọ́n lò, bí ó ti ṣọ̀wọ́n tó ní ọjà. Ọ̀rọ̀ náà sú Aurélien tí kò gbọ́ Yorùbá. Ó fa ẹ̀wù mi yọ nínú àpò tí ó gbé wá, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù omi tí ó wà níwájú Bàbá, ó ní, «Pa, look your fine cloth.» Bàbá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n wọ́n na ọrùn wò ó. Ẹ̀wù náà dúró lójú omi díẹ̀, ó tú ìfóòfó, ó sì rọra rì lọ sí ìsàlẹ̀ tòun ti wúrà ọrùn rẹ̀.

Bàbá béèrè ohun tí wọ́n yọ nínú ẹ̀wù náà. Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀rífù ní fóòmù lásán ni. Bàbá ní níbo ni fóòmù náà wà. Bọ̀ọ̀dá wolẹ̀, wọ́n wòkè, nígbà tí ó pẹ́ wọ́n wo ìdí Bàbá. Èmi tí mo wà nílẹ̀, tí ojú mi bá ìjókòó àga náà dọ́gba, ni mo kọ́kọ́ rí i: tìmùtìmù tuntun kan wà lábẹ́ Bàbá, tí Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀rífù rán fún wọn nítorí ìbàdí tí ó ń dùn wọ́n. Fóòmù mi ni. Orí ẹ̀mí mi ni wọ́n jókòó lé, tí wọ́n fi dá mi lẹ́bi.

Bàbá dìde. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ju tìmùtìmù náà sínú dúrọ́ọ̀mù. Ó léfòó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó tún fò sókè, ó ta omi sí wọn lójú. Bọ̀ọ̀dá Ṣẹ̀rífù sáré jáde láìwọ bàtà, wọ́n gbé ẹ̀wù Àbẹ̀ní dé. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ti tú, fóòmù rẹ̀ ṣì pé nínú rẹ̀. Wọ́n nà án sí Àbẹ̀ní. Bàbá ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí ẹnikẹ́ni má gbé e kiri. Ṣé ó parí? Ta ni ó bẹ̀ mí? Mo ṣì wà nílẹ̀, Sódìq, kò sì sí ẹni tí ó rántí mi.

Nítorí náà, ẹ̀wù ni kí o kọ́kọ́ ra. Kí o tó sanwó, ní kí wọ́n gbé omi wá, kí o tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ lójú ẹni tí ó ń tà á. Bí ó bá tóbi, okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí o fà. Bí síìpù rẹ̀ bá bàjẹ́, ra òmíràn. Bí télọ̀ kan bá sì ní òun fẹ́ ṣe ọ́ lóore, sá.

Bá mi kí Màmá, kí o bá mi fi ọwọ́ pa orí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Sọ fún Juwairiyyah pé òun ni ó béèrè ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè nínú ilé yẹn. Aurélien ní kí n kí ọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́ rí. Àbẹ̀ní náà tún ń kí ọ. Òun ni ó wá gbé mi dìde nílẹ̀ lánàá. Ó gbọn erùpẹ̀ àyà mi dànù, ó sì di ọwọ́ mi mú títí a fi délé.

                                                  Ọ̀rẹ́ rẹ tí inú ṣì ń bí, tí ó sì wà láàyè,
                                                  Adétọ́lá.