Àmì Pupa Àgbọ̀n Pashk

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Èmi Dila ni mò ń sọ ọ́. Vitore, ìyàwó ọmọ mi, ló ń kọ ọ́ — èmi ò mọ̀wé. Pashk ọmọ rẹ̀ ò tíì pé oṣù mẹ́ta. Bó bá ń mí, bí ayùn tó ń rẹ́ igi ni. Dókítà abúlé ní ikọ́ ni. Ó lo oògùn, ó fúyẹ́. Oògùn tán, ayùn padà. Àmì pupa sì wà lágbọ̀n rẹ̀. Mo ní Vitore jí àjàrà aládùúgbò jẹ nínú oyún, ó wá fọwọ́ kan àgbọ̀n ara rẹ̀, ni àmì fi yọ síbẹ̀ lára ọmọ. Ó ní, "Ìyá, mo ti bímọ kí àjàrà tó pọ́n." Ẹnu rẹ̀ mú.

Ọjọ́rú, 6

A dé Tirana, olú ìlú. Dókítà obìnrin kan, Arbana. Àgbọ̀n ló kọ́kọ́ wò. Ó ní ọmọ tó bá ní irú àmì yìí lágbọ̀n lè ní òmíràn lọ́fun. Wọ́n fi oògùn kùn ún lóorun, wọ́n ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníná wọlé. Mo fojú ara mi rí i lójú tẹlifíṣọ̀n: kókó pupa, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó dì jọ. Ọ̀nà èémí tó kù ò lè gba hóró àgbàdo. Ó ní bí oògùn ò bá ràn án, àwọn á lu ọrùn rẹ̀ níhò kó lè mí.

Ọjọ́bọ̀, 7

Wọ́n dárúkọ oògùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi! Mo ní, "Oògùn arúgbó fún ọmọ ọwọ́?" Arbana ní, "Màmá, òun ló ń mú kókó yẹn súnkì. Ṣebí ẹ̀yin náà ò tíì kú." Ó bá Vitore sọ̀rọ̀ pẹ́. Èmi ò fetí sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Ayùn ti ń lọ sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17

A ti délé. Ọmọ bì, kò mu ọmú. Àkókò oògùn tó, mo gbé ìgò rẹ̀. Vitore ní, "Ìyá, kò jẹun, ẹ má fún un." Mo ní, "Àbí ihò ọrùn lo fẹ́?" Ó já ìgò gbà lọ́wọ́ mi, ó tì í bọ àyà. Lọ́wọ́ mi! Mo pè é ní olè. Ó pe Arbana lójú mi. Arbana ní bí a bá fún un lórí ebi, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀, kó sùn kó má jí mọ́. Mo jókòó.

Ọjọ́ Ajé, 18

Ó mu ọmú, ó lo oògùn. Igbe rẹ̀ gba ilé kan. Ndue ọmọ mi pè láti Ítálì: ṣé kí a máa bá oògùn náà lọ, àbí kí a dá a dúró? Mo ní kó bi ìyàwó rẹ̀. Bí Vitore ṣe ń kọ èyí, ó gbé bírò dúró. Mo ní kó kọ ọ́.

Ndue ní, "Ìyá, ṣé ara yín ò yá ni?"