Ẹni Tó Ń Ṣọ́ Ẹ̀tù Bámgbóyè

Ilé Ọlọ́runwà,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
Ìjan-Èkìtì.

Monínúọlá ọmọ mi,

Ọlọ́run tó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá wa ní Ìjan níbí, kó jẹ́ kó mọ́ bá ọ ní Nìú Yọ́ọ̀kì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ní òru ni lọ́dọ̀ yín nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́ bá wa. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ráhùn. Iṣu ti wọlé. Ìyá rẹ wà dáadáa, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan, màá sọ ìdí rẹ̀ kí n tó fi gègé sílẹ̀.

O pè wá lórí fóònù pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé mo fetí sílẹ̀. O ní orílẹ̀-èdè kan ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì, gbogbo ayé sì fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ohun tó lè fi ṣe é fún un, ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn díẹ̀ ni wọ́n sì yàn pé kí ẹ máa ṣọ́ àwọn tó ń tà fún un ní kọ̀rọ̀. Wàyí o, orílẹ̀-èdè ńlá kan nawọ́ sókè pé rárá, wọ́n bá tú yín ká, bẹ́ẹ̀ òfin náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyá rẹ sunkún. Èmi ò sunkún, nítorí irú rẹ̀ gan-an ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ kan náà.

O rántí Bámgbóyè aládùúgbò wa tó ń gún ẹ̀tù ìbọn fún àwọn ọdẹ. Ahéré tó ti ń gún un ló wà lẹ́yìn yàrá tí èmi àti ìyá rẹ ń sùn sí. Nígbà ọyẹ́, iná sọ níbẹ̀, ilé ewúrẹ́ rẹ̀ jó, ògiri yàrá wa sì lanu. Àdúgbò bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé iṣẹ́ náà lọ sí oko, ó ní ibẹ̀ ni baba òun ti gún un, ibẹ̀ lòun náà á ti gún un. Làwọn àgbà bá ní kí ẹnikẹ́ni má tà fún un, kí ẹnikẹ́ni má rà lọ́wọ́ rẹ̀, kí a má sì fún un níná. Mo dìde ní ìpàdé, mo ní iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe nílùú òyìnbó nìyí, ó sì ti sọ fún mi pé òfin tí kò lólùṣọ́, agbọ̀n la fi ń pọn omi. Inú wọn dùn. Wọ́n yan èmi, Tísà Ọmọ́níyì tó ti fẹ̀yìntì, àti Màmá Fúnkẹ́mi. Mo ra bàtà rọ́bà tuntun nítorí iṣẹ́ náà.

Ọmọ mi, iṣẹ́ yín le o. Kò sẹ́ni tó ń ta ẹ̀tù fún Bámgbóyè. Èédú ni wọ́n ń tà fún un, èédú yìí náà la sì fi ń lọ aṣọ, òun la fi ń sun àgbàdo, òun náà ni Bámgbóyè ń gún mọ́ ẹ̀tù. Tísà ní bí a bá fòfin de èédú, gbogbo Ìjan á máa wọ aṣọ tó rún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ó dáa, ká kàn tọpasẹ̀ àpò èédú. A bá rí i pé Dùnmínínú tó ń sun àgbàdo lójú ọ̀nà Adó ló ń gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ fún un. Mo wo ẹnu àpò náà, kókó okùn tí wọ́n fi dì í, kókó tèmi ni, tí mo fi ń so ewúrẹ́, kò sì sẹ́ni tí mo kọ́ ọ rí àfi ìyá rẹ. Nígbà tí mo bi í, ó ní Dùnmínínú lòun tà á fún, bó bá sì ti gbé e kúrò ní ulé òun, kó gbé e dé Sókótó pàápàá, kò kan òun. Mo rántí pé ohun tí àwọn oníṣòwò ń sọ fún yín náà nìyẹn. Mo ròyìn rẹ̀ ní ìpàdé bó ṣe rí, mo dárúkọ ìyá rẹ. Láti ọjọ́ náà lẹran ti kúrò nínú ọbẹ̀ mi.

O mọ̀ pé àgbà márùn-ún ló ń jókòó ládùúgbò wa, bí ọ̀kan bá sì ti kọ̀, ọ̀rọ̀ ti sùn. Olóyè Ilésanmí, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, tó jẹ́ pé ẹ̀tù Bámgbóyè làwọn ọdẹ fi ń ṣọ́ oko wọn, ní àwọn ò rídìí tí àwa mẹ́ta á tún fi máa yọjú sẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn. Wọ́n ní òfin ò lọ síbì kan, àwa olùṣọ́ nìkan ni kó lọ sinmi. Àwọn yòókù ń wolẹ̀. Ó dùn mí gan-an, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bámgbóyè kí mi pẹ̀lú ọ̀yàyà, mo sì dá a lóhùn.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyí. O sọ nígbà Kérésì pé ẹ ní ojú kan lókè ọ̀run tó ń ya fọ́tò, pé bí ọkọ̀ ojú omi tilẹ̀ pa ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tó wà, ẹ ṣì máa ń rí i. Ọkọ̀ ń rìn, Ìjan ò rìn, kò lè ṣòro fún un. Jọ̀wọ́, kí o tó dá kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì padà, ní kí wọ́n yí ojú náà sí ẹ̀yìnkùlé Bámgbóyè. Kí ẹ má baà ṣi ilé mú, mo ti gun àkàsọ̀, mo ti tẹ́ aṣọ pupa ìyá rẹ sórí òrùlé wa, mo sì gbé òkúta lé e. Kí wọ́n má yà á láàárọ̀ kùtù o, ìyá rẹ máa ń wẹ̀ lẹ́yìn ilé. Lu òǹtẹ̀ mọ́ fọ́tò náà, kí o fi rán awakọ̀ èyíkéyìí tó bá ń bọ̀ láti gáréèjì Fájuyì ní Adó, á rí mi.

Fi owó díẹ̀ sí i, ìwọ̀n tágbára rẹ bá ká. Símẹ́ǹtì tí màá fi dí ògiri ni mo fẹ́ rà, àti ẹran tí màá fi bẹ ìyá rẹ. Ó ti dáwọ́ èédú dúró, kò sọ fún mi, mo kàn rí i pé kò dì í mọ́. Lánàá ó di orí bẹ́ẹ̀dì mú, mo di ìdí rẹ̀ mú, a gbé e kúrò nídìí ògiri yẹn wá sí pálọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá mi sọ nìyẹn, pé kí n rọra. Mo wá fẹ́ bi ọ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ oníbọ́ǹbù yẹn mọ́, níbo lẹ̀yin gbé bẹ́ẹ̀dì tiyín sí?

Ọlọ́run tí kì í tòògbé, tí ẹnikẹ́ni ò lè nawọ́ sókè pé kó má ṣọ́ wa mọ́, á máa ṣọ́ ìjáde rẹ àti ìwọlé rẹ. Iṣẹ́ tó dáa ju èyí lọ á wá ọ kàn. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adédoyin.

Mo gbàgbé: ìyá rẹ ní kí n lọ mú aṣọ òun sọ̀kalẹ̀ kí òjò tó pa á. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀ sí i, bóyá ẹnìkan ṣì ń wò.