Nítorí Ìka Ngozi Ni Mo Ṣe Ń Kọ́ Ìwé Japan

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàámi, ẹ kú òjò. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Port Harcourt níbí. Òjò tiwa kì í mọ̀ ọ́n dá.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mo fẹ́ fi ìwé Japan ṣe, ṣé mo fẹ́ rìnrìn àjò ni. Rárá o. Ọ̀rọ̀ Ngozi ni, ẹni tí a jọ ń ṣe búrẹ́dì ní Mile 3. Ọ̀gá wa ra ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń po ìyẹ̀fun, láti Japan. Lẹ́tà Japan kan wà lókè súìṣì rẹ̀, òmíràn wà nísàlẹ̀. Lọ́jọ́ kan iná lọ, Ngozi pa súìṣì, ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀rọ náà láti ha ìyẹ̀fun tó lẹ̀. Èmi tí mi ò mọ̀ pé ó ti pa á, kí nǹkan má baà ṣe é, mo yí súìṣì sí ibi tí mo rò pé ó ń pa á. Ibi tó ń tàn án ni. Iná dé. Màámi, ìka rẹ̀ kan kò ká mọ́ títí dòní.

Ọ̀gá fi ọ̀dà pupa sàmì sí súìṣì náà, wọ́n ní ó ti parí. Kò parí nínú mi. Mo lọ bá Bàbá Ẹnjiníà, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa tó kàwé ní Japan rí. Wọ́n ní kí n máa wá bá àwọn ní Old GRA ní gbogbo Sátidé.

Ibẹ̀ lorí mi ti dàrú. Wọ́n ní lẹ́tà tó ń tan ẹ̀rọ, "wọlé" ló ń jẹ́, torí iná ń wọlé. Èyí tó ń pa á, "gé". Ìyẹn yé mi. Wọ́n wá kọ "ènìyàn", mo ní ṣebí "wọlé" náà nìyẹn. Wọ́n ní rárá, ìlà méjì ló wà nínú méjèèjì, kí n máa wo èyí tó yọrí ju èkejì lọ. Mo wò ó títí ojú mi fi ń ṣe bàìbàì. "Ènìyàn" yìí kan náà, bó bá dá dúró, hito ni. Bó bá tẹ̀lé òmíràn, ó lè di jin, ó lè di nin. Mo bi wọ́n pé ta ló ń sọ fún wọn ìgbà tó yí padà. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ngozi ní abeg, kí n fi that thing wey chop my finger han òun. Mo fi ìka kọ lẹ́tà "wọlé" náà sórí ìyẹ̀fun. Ó fi ìka tí kò ká yẹn tọ ipa rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé nǹkan kékeré báyìí ni. Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti ṣe é léṣe, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rẹ́rìn-ín sí mi. Ìgbà tí mo délé ni mo yẹ ìwé mi wò: "ènìyàn" ni mo kọ fún un, kì í ṣe "wọlé".

Mi ò tíì sọ fún un. Màámi, mi ò mọ̀ bóyá kí n sọ.

Ẹ bá mi kí Bàámi, ẹ kí ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ àti gbogbo ará ilé. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, a ó fojú kan ara wa láyọ̀.

Èmi ni Dúpẹ́, ọmọ yín.