Iṣẹ́ Bàbá Rẹ Tí O Yọ Kúrò

Karlovo,
Ìparí oṣù kẹrin.

Ralitsa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé. Mo lérò pé ara rẹ le, pé òjò ìlú tí o wà kò pọ̀ jù, àti pé o ń jẹun dáadáa. Èmi náà wà. Orúnkún ṣì ń dùn mí, àmọ́ mo ń rìn. Mo rí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ. N kò fèsì nítorí pé n kò rí ohun tí màá sọ. Kì í ṣe ìbínú. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀ títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú: ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ni, àmọ́ kò mọ̀ ọ́n lára.

Ní ogójì ọjọ́ ikú bàbá rẹ, mo lẹ ìwé ìkéde òkú rẹ̀ mọ́ géètì wa, mo lẹ ọ̀kan mọ́ igi iwájú ilé búrẹ́dì, mo sì lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwádìí òdòdó róòsì tó ti ṣiṣẹ́ dàgbà. Ta la máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ ká tó lẹ fọ́tò òkú wa? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Momchil, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó jókòó sípò rẹ̀ báyìí, sọ fún mi pé bàbá rẹ ní ojú ewé kan lórí ìkànnì tí àwọn olùwádìí ti ń pàdé, pé àwọn èèyàn ṣì ń bèèrè iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, géètì mìíràn ni mo kà á sí. Orúkọ ajá wa ni bàbá rẹ fi ṣe ọ̀rọ̀ aṣínà, bó ṣe fi ṣe ti gbogbo nǹkan. Mo wọlé, mo kó gbogbo àpilẹ̀kọ rẹ̀ síbẹ̀ kí gbogbo èèyàn lè kà á, pẹ̀lú àmì ilé ìtẹ̀wé tí ò ń bá ṣiṣẹ́ gàdàgbà lókè wọn.

Àwọn èèyàn kà á, Ralitsa. Àgbẹ̀ kan tó ń gbin róòsì nísàlẹ̀ òkè kọ̀wé pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an, àrùn náà ti lọ, ewé róòsì mi kò dógùn-ún bí irin mọ́." Kò mọ̀ pé ó ti kú. N kò sọ fún un. Fún ìgbà díẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé bàbá rẹ ṣì ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo ṣí i, fọ́tò rẹ̀ nìkan ló kù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìtẹ̀wé ló ní ẹ̀tọ́ lórí àwọn àpilẹ̀kọ náà, òun ló sì ní kí wọ́n yọ wọ́n. Mo sọ fún Stoyanka aládùúgbò wa. O mọ ẹnu rẹ̀: "Ẹ gbà mí o! Lyuben tí kò já èso kan nínú ọgbà mi rí, ìgbà tó kú tán ló wá dolè?" Mo bá a rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dé inú mi.

Lẹ́yìn náà lo pè. Mo rò pé wàá sọ pé ẹlòmíràn ló ṣe é. O ní, "Màmá, èmi ni. Orúkọ Bàbá wà nínú àwọn tí wọ́n gbé fún mi pé kí n yọ. Bàbá fúnra wọn ló fọwọ́ síwèé pé ilé ìtẹ̀wé ló ni ín. Tí mo bá fo ti bàbá tèmi, ojú wo ni màá fi yọ ti bàbá ẹlòmíì?" Òótọ́ ni pé ó fọwọ́ sí i. Mo rántí ọjọ́ náà, ó da ọtí rakíyà fún gbogbo ẹni tó wọlé, nítorí pé ìwé ìwádìí ilẹ̀ òkèèrè gba iṣẹ́ rẹ̀. Kò ka ohun tó fọwọ́ sí. O tún sọ pé èyí tí bàbá rẹ fúnra rẹ̀ kọ, kí ilé ìtẹ̀wé tó tún un ṣe, ẹ kì í ka ìyẹn léèwọ̀, àti pé tí ẹnì kan bá bèèrè èyí tí wọ́n tẹ̀, ká fi ránṣẹ́ sí ẹni náà nìkan. Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo lọ bomi rin òdòdó, mo bomi rin ín títí omi fi ṣàn dé ojú ọ̀nà.

Èmi àti Momchil ti tú inú kọ̀ǹpútà bàbá rẹ wò. A rí púpọ̀ nínú èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, a kò rí àwọn mìíràn. Wọn kò dán bíi ti ìwé yín. Láàárín ọ̀kan, ó gbàgbé láti pa gbólóhùn tó kọ sí ara rẹ̀ yìí rẹ́: "Ìdí yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, Lyuben. Padà wò ó." Momchil fẹ́ pa á rẹ́, mo ní kó fi sílẹ̀. Wọ́n ti wà lórí ìkànnì náà báyìí.

Ikú rẹ̀ máa pé ọdún kan lóṣù tó ń bọ̀. Màá se àlìkámà, màá bu ṣúgà sí i, a ó pín in létí sàréè bí a ṣe ń ṣe fún òkú wa. Mo ti lọ tẹ ìwé ìkéde ọdún kan. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bi mí pé orúkọ ta ni kí òun kọ sísàlẹ̀. Stoyanka tó tẹ̀ lé mi ní, "Nevena, tìẹ nìkan ti tó. Ọmọ tó tìlẹ̀kùn mọ́ bàbá ẹ̀, kí lorúkọ ẹ̀ ń wá níbẹ̀?" Mo yíjú sí atẹ̀wé náà. Mo ní kó kọ ọ́ pé: ìyàwó rẹ̀, àti Ralitsa ọmọ rẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́, ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà tí o ti pè, ìyẹn ni nǹkan àkọ́kọ́ tó dùn mí.

N kò tíì lẹ wọ́n. Wọ́n wà lórí tábìlì ilé ìdáná. Ìwọ tó yọ ti àkọ́kọ́, ìwọ ni kó o wá lẹ èyí. O kúkú mọ̀ pé níbí, ẹnikẹ́ni kì í yọ ìwé òkú lára géètì. Òjò nìkan ló ń yọ ọ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ wá, kó ṣọ́ ọ padà. O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Iṣẹ́ tí ò ń ṣe kò ní sọ ọkàn rẹ di òkúta.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Nevena.

Mo gbàgbé: àgbẹ̀ róòsì yẹn tún kọ̀wé, ó ń bèèrè ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n tẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí òun nìkan, bí o ṣe wí. Mo sọ fún un pé Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kú, àti pé ọmọ rẹ̀ ló ní kí n fi í ránṣẹ́.