Awò Tí Sàfúrà Fi Bò Mí Lójú

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ bá mi bá ọmọ-ọmọ yín wí. Sàfúrà tí ẹ fi sílẹ̀ ní ọmọ ọwọ́ ti di nọ́ọ̀sì ní Fajara, kò sì gbọ́ tèmi mọ́.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló dí nínú ọkàn mi. Lọ́jọ́ Ajé a máa wọkọ̀ ojú omi kọjá sí Barra ní òdìkejì odò, a ó gba ibẹ̀ lọ sí Dakar, kí wọ́n ti wáyà tín-ín-rín gba ọwọ́ mi wọlé lọ là á. Ẹ mọ̀ mí, èmi tí mo máa ń padà lọ wo àgádágodo ṣọ́ọ̀bù ní Soldier Town lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣé irú mi ló yẹ kí wọ́n sọ èyí fún? Kàkà kí Sàfúrà fi bò, ńṣe ló gbé awò kan dé láti ibi iṣẹ́, ó tóbi tó ìdajì búrẹ́dì. Ó ki fóònù bọ̀ ọ́ níwájú, ó sì dè é mọ́ mi lójú.

Ìyá mi, àfi bíi pé mo ti wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ! Mo wo ọ̀tún, ẹ̀rọ. Mo wòkè, iná ràgàjì. Dókítà kan tó ti hu ewú wọlé, ó kí mi. Ṣé kí àgbàlagbà kí mi, kí n má ṣí fìlà? Mo ṣí i, fìlà fa awò dání, ó bọ́ lulẹ̀ gbì. Sàfúrà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá, kò rí yín o! Fíìmù ni!”

Inú bí mi, àmọ́ mo wò ó parí. Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́rin báyìí. Mo mọ ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà wọlé, mo mọ ìgbà tí ara yóò gbóná díẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Nígbà tí a gbé yín lọ sí Dakar nítorí ọkàn yín, ẹ gbé báàgì lé itan, ẹ ń bi mí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Mo ní abẹ́rẹ́ lásán ni. Gbogbo ẹbí ti fẹnu kò pé kí ẹ má gbọ́, kí ẹ̀rù má baà pa yín. Ẹ̀rù ta ni mo ń bò, tiyín ni àbí tèmi? Ta ló ṣàlàyé iná yẹn fún yín? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo parọ́?

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Màá lọ. Wọn yóò gba fìlà mi lẹ́nu ọ̀nà, Sàfúrà ni yóò sì mú un dání, bí mo ṣe mú báàgì yín dání lọ́jọ́ náà. Òun ti sọ òótọ́ fún mi ní tirẹ̀.

Ẹ kò jáde wá gbà á mọ́; báàgì yín ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe fi hàn lọ.