Púlọ́gíìnì Tó Fi Ẹnu Mi Ṣèlérí

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí, a ò ní fi ẹkún pe ara wa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ikọ́ rẹ̀ ti lọ. Àbúrò rẹ yege nínú ìdánwò rẹ̀. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣì ń jò. Mo ti kí ọ tán báyìí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò kí ọmọ mi kí n tó bá a jà. Inú ń bí mi.

Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o ti ṣe sáìtì fún ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi, mo dúpẹ́, mo sì bi ọ́ pé apá ibo ni ilẹ̀ náà wà kí n lè wá ro koríko ibẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní inú fóònù ló wà. Mo gbà. Lẹ́yìn náà lo tún pè, ayọ̀ ò jẹ́ kí o mí, o ní o ti fọwọ́ ara rẹ ṣe púlọ́gíìnì, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé rẹ, pé ó máa jẹ́ kí sáìtì náà ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀: bí oníbàárà bá ti yan àga tàbí tábìlì, òun fúnra rẹ̀ á dá a lóhùn, á sì sọ ọjọ́ tó máa wá gbé e. Mo gbàdúrà fún ọ. Mo gbọ́ púlọ́ọ̀gì nínú orúkọ rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló sì wà ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni mo máa ń ki ẹ̀rọ tí mo fi ń fági bọ̀. Mo yọ ẹ̀rọ mi kúrò kí púlọ́gíìnì rẹ lè ráyè wọlé, mo wá ń fọwọ́ fági bí ẹni tí kò lọ́mọ nílùú ńlá. Èjìká ṣì ń dùn mí. Mo ń retí kí o fi nǹkan náà ránṣẹ́, àṣé ó ti ń ṣiṣẹ́ níbi tí mi ò ti rí i, ó ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀ káàkiri.

Àárọ̀ Sátidé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo bá èrò lẹ́nu ọ̀nà. Tíṣà kan wá gbé tábìlì, oníbúrẹ́dì wá gbé pẹpẹ, tọkọtìyàwó kan tiẹ̀ ti ọmọlanke wá nítorí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò tíì gé igi kankan. Mo ní ta ló ní kí wọ́n wá, wọ́n na fóònù sí mi lójú. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi káfíńtà ni mo sọ bẹ́ẹ̀, pé iṣẹ́ ti parí, kí wọ́n máa bọ̀ ní Sátidé. Tíṣà pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo àdúgbò. Mo lè pẹ́ o, káfíńtà wo ni kì í pẹ́, ṣùgbọ́n irọ́ tí mo bá máa pa, ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi pa á.

Ǹ bá gbójú fò ó, bí kì í bá ṣe ti Ìyá agbẹ̀bí. O mọ̀ ọ́n, ọwọ́ rẹ̀ lo bọ́ sí lọ́jọ́ tí o wáyé. Orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè dìde lórí àga tó bá lọ sílẹ̀, ìyẹn ló ṣe ní kí ọmọ-ọmọ òun bá òun yan àga gíga. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, ó ń fara ti ògiri sinmi títí tó fi dé. Nígbà tó rí i pé kò sí àga, kò bínú. Ó kàn wò mí, ó ní, “Ìwọ lo ní kí n máa bọ̀.” Ọmọ mi, ì bá sàn kó gbá mi létí.

Mo wọlé lọ, mo gbé àga tèmi jáde, èyí tó ga, tó sì lápá, tí mo kàn lọ́dún tí mo di bàbá. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo gbé e délé fún un. Àwọn tó kù rí i, ara wọn rọ̀, wọ́n ní àwọn á padà wá, àfi tíṣà tó ṣì ń fajú ro. Ìyá rẹ náà ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ní òun náà máa ń jókòó níbẹ̀. Orí agolo ọ̀dà ni mo wà tí mo ń kọ lẹ́tà yìí.

Mo pè ọ́, o ní kí n má bínú, pé kòkòrò ló wà nínú púlọ́gíìnì. Mo mọ kòkòrò inú igi, kẹrosíìnì ni mo fi ń pa á. Mo bi ọ́ bóyá kí n da díẹ̀ sí fóònù, o pariwo mọ́ mi. O wá sọ òtítọ́ pé àṣìṣe lẹ̀ ń pè ní kòkòrò, pé nígbà tí o ń dán an wò lo kọ Sátidé sínú rẹ̀, o gbàgbé láti yọ ọ́, Sátidé náà ló wá ń kà sí gbogbo ayé létí. Ṣé orí Ìyá agbẹ̀bí lo ti wá ń kọ́ iṣẹ́ bárbà ni? Èmi, bí mo bá kan àga tán, ìdí ara mi ni mo kọ́kọ́ fi ń dán an wò.

O ní o ti tún un ṣe. Kò tó. Kó tó dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni, kó kọ́kọ́ bi mí. Kọ ọ́ sínú rẹ̀ gbangba pé kó kí mi, kó ní Bàbá, ṣé ẹ lè ṣe é, kó sì dúró kí n dáhùn. Ohun tó bá ti ilé wa jáde kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà.

Fi owó pákó ránṣẹ́ kí n lè kan ti àwọn tí o pè jọ, kí o fi ti òrùlé náà kún un. Awakọ̀ ni kí o fi rán. Ẹ̀rọ báńkì tó wà níbí ń bi mí ní nọ́ńbà àṣírí, mi ò sì lè sọ àṣírí fún ẹni tí kò sọ orúkọ ara rẹ̀.

Inú ṣì ń bí mi, ṣùgbọ́n ìbínú mi ò ní já lé ọ lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á gbè ọ́. Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tó gbọ́n jù ọ́ lọ, kó ṣe púlọ́gíìnì fún ìwọ náà, kó lè yé ọ.

Èmi ni, bàbá tó bí ọ lọ́mọ, kì í ṣe púlọ́gíìnì.